Ilé Tí Kò Sí Kámẹ́rà

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń wo gbogbo ohun tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé mi. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń pín in káàkiri. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú àpótí náà láti ojú fóònù, kí n rí ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ránṣẹ́ sí. Bí a bá pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ó ṣì ń ránṣẹ́ sí òkèèrè. Mo dí i lọ́nà. Mo ra gílóòbù kan tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu, mo rí i pé òun náà ń ròyìn ìgbà tí mo bá tan iná àti ìgbà tí mo bá pa á. Mo yọ ọ́, mo fi gílóòbù lásán síbẹ̀. Mo fi téèpù dúdú lẹ ojú kámẹ́rà fóònù mi. Àwọn èèyàn Atong Abè, àdúgbò mi ní Libreville, mọ̀ mí mọ́ ìwà yìí, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mi ò tètè lọ sílé ìwé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́ láti kékeré. Mo ti bímọ kí n tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń ṣe ní Nombakélé. Ìyàwó mi ló fà mí lọ́wọ́ débẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ̀wé kà kì í fojú fo ohun tí wọ́n kọ. Èmi máa ń ka ìwé pẹlẹbẹ tó ń bá ẹ̀rọ wá, títí dé ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ náà yóò máa sọ tiwa fún àwọn ẹlòmíràn. Ìyàwó mi ti kú. Ó ṣubú nílé nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí mo fi dé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ wọ̀nyí àti kẹ̀kẹ́ mi ni mo fi ń lo ọjọ́.

Sátidé ni ọjọ́ kẹ̀kẹ́. Mo máa ń gbéra ní Atong Abè kí oòrùn tó mú, mo máa ń gba etí òkun lọ títí dé Batterie IV, níbi tí ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Èmi àti ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní Nombakélé la jọ ń gùn ún. Nàgó ni, láti ilẹ̀ Benin, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra táyà. Ó lawọ́. Bí ṣéènì mi bá já lọ́nà, òun ló máa ń kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà tún un ṣe, kì í sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan gírísì. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ilé tirẹ̀ kún fún kámẹ́rà. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan lókè ibi ìdáná. Ó fi fóònù há ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí a ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ kan, a dúró lábẹ́ igi àgbọn láti mu omi. Ó yọ fóònù náà, ó fà mí mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo bó ṣe máa fò."

Obìnrin náà kẹ́yìn sí wa, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ọkùnrin náà tẹ ojú fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. "Ta ló ní kí o da epo tó báyẹn sí i?"

Ohùn rẹ̀ jáde lókè orí obìnrin náà. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó yíjú sókè wá kámẹ́rà náà, ó sì kúnlẹ̀. A rí ẹnu rẹ̀ tó ń wí pé kó má bínú. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n?"

"Táyà ẹ̀yìn rẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́," mo wí.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ mi gbé aago ògiri wá fún mi, lọ́jọ́ ìsinmi kan. Aago ńlá ni, onígi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá fún òbí ní nǹkan, òbí kì í yí i sẹ́yìn wo ìdí rẹ̀. Wàá gbà á, wàá gbé e sókè, wàá ṣàdúrà fún ọmọ, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú rẹ̀ kó lè mọ̀ pé inú rẹ dùn. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ hàn mí ibi tí n óò gbé e kọ́ sí, lókè ògiri tó kọjú sí tábìlì oúnjẹ.

"Níbí, Papa. Kẹ́ ẹ lè máa rí i tẹ́ ẹ bá ń jẹun."

Kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, nínú ihò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lábẹ́ nọ́ńbà méjìlá. Mi ò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo wo àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì mi bí mo ti máa ń ṣe, mi ò rí àjèjì kankan níbẹ̀. Aago náà ní káàdì fóònù tirẹ̀ nínú. Kò nílò tèmi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ wá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, lọ́sàn-án, nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ gba ẹrù ní èbúté Owendo. Ojú rẹ̀ òsì ti dí pátápátá. Ètè rẹ̀ ti là. Aṣọ rẹ̀ ya láti èjìká dé abẹ́ apá, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Àpò ọ̀rá kan ṣoṣo ló gbé lọ́wọ́.

"Bàbá, mi ò mọ ilé mìíràn," ló wí.

"O ò léèyàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Oyem. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé irú ojú yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n á bi mí pé ta ni ọkọ mi. Wọ́n á pè é kó wá mú mi. Ẹ jẹ́ kí ojú mi wálẹ̀ ná."

Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ mi.

"Ó máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ó ní nínú gbogbo ilé tóun mọ̀, tiyín nìkan ni kò sí kámẹ́rà. Ó ní ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀rọ bí ẹni ń bẹ̀rù ejò. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Mo fún un ní yàrá ìyàwó mi. Ẹrù olóògbé ṣì wà níbẹ̀ nínú àpótí. Ọmọ mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kóun mú nínú aṣọ ìyá òun, mi ò gbà, ọkàn mi kò tíì gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú mi, ìhòòhò ló kù fún un. Mo ní kó ṣí àpótí, kó mú èyí tó bá a mu.

Kò bá mi jókòó sídìí tábìlì rí. Ìyàwó oníyàwó ni, kì í ṣe ohun tó bójú mu kí a jọ máa jẹun tojú-tojú. Ẹnu ọ̀nà tó lọ sí yàrá ló máa ń jókòó sí, lẹ́yìn òpó ìlẹ̀kùn, nílẹ̀. N óò gbé abọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, n óò padà wá sídìí tèmi. Bí mo bá ti fọwọ́ kan oúnjẹ, n óò yíjú sí ìlẹ̀kùn náà, n óò sọ pé, "Wá jẹun." Oúnjẹ wà níwájú òun náà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Yóò dáhùn lóhùn kékeré pé, "Á gba ibi ire, Bàbá." Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ tó ń fa imú. N óò wí pé, "Má sunkún mọ́, ìyàwó. Jẹun." Kò ju ìyẹn lọ. Ìyàwó ni mo ń pè é, bí gbogbo wa ṣe máa ń pè é látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sáàárín wa.

Ní Sátidé, oníkẹ̀kẹ́ wá pè mí bí ó ti máa ń ṣe. Bí mo bá kọ̀, yóò béèrè ìdí. Mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde, mo ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ìyàwó rẹ̀, a jọ gbéra.

Lórí òkè, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé mi lẹ́yìn, ó ń tì mí gòkè bí ó ṣe ń wa tirẹ̀ lọ́wọ́ kan.

"Ó ti sá o, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ó rò pé òun gbọ́n."

Mo rọra tẹ bíréèkì.

"Màá rí i. Libreville tóbi tó kí ni? Ọjọ́ tí mo bá rí i, ẹsẹ̀ méjèèjì ni màá dá. Ká wá wo ohun tó máa fi sá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi bíréèkì dá a dúró, ẹ̀gbọ́n, mo ti dì yín mú."

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná lẹ́yìn mi. Ó tì mí títí a fi dórí òkè.

Mo délé, mo gbé oúnjẹ síwájú ìyàwó rẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ojú òsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tú síta, túbù ni mo lọ rà. Bí mo ṣe wọ òpópónà oníkẹ̀kẹ́ ní Nombakélé, télọ̀ kan yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ wá jẹun!"

Mo rò pé ó ń jẹun ni. Mo dá a lóhùn pé á gba ibi ire. Gbogbo òpópónà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì fi ìdí jókòó sílẹ̀, ó ń lu itan. Ọmọdé kan ń sá tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ mi, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọrin.

Oníkẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ti na fóònù sí mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di olókìkí. Àwòrán yín ti wà nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa lórí fóònù."

Mo rí ara mi láti òkè. Orí mi pá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo jókòó sídìí tábìlì, èmi nìkan, mo yíjú sí òkùnkùn, mo ní, "Wá jẹun." Fáànù ń ké. Lẹ́yìn náà mo tún wí pé, "Má sunkún mọ́, ìyàwó. Jẹun."

Mo wá ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ nínú àwòrán náà, mo wá ọwọ́ rẹ̀, mo wá etí aṣọ rẹ̀. Àwòrán náà parí síbi òpó ìlẹ̀kùn. Fáànù ti gbé ohùn rẹ̀ mì. Nígbà náà ni mo wá ronú sí ibi tí ẹni tó ń wò mí wà, mo sì rí i pé aago ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," oníkẹ̀kẹ́ wí, ó gbóhùn sókè kí àwọn tó kù lè gbọ́, "kí ló ń pa Ìyá lẹ́kún? Àbí ẹ ò fi ẹran sí tiwọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

"Fún mi ní túbù kan," mo wí.

Ó fún mi. Ó gbá mi léjìká. "Ẹ má bínú, eré ni. Alága ẹgbẹ́ ní gbogbo wa ń bọ̀ nílé yín nírọ̀lẹ́ yìí, ká wá gbàdúrà. Èmi náà ń bọ̀."

Mo délé, mo gbé aago sọ̀ kalẹ̀, mo tú síkúrú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí ojú kámẹ́rà, mo rí káàdì rẹ̀. Mo fa káàdì náà yọ. Fóònù mi dún lójú ẹsẹ̀.

"Papa, kí ló dé tẹ́ ẹ yọ aago?" Ọmọ mi ni.

"Ta lo fi mí hàn?"

"Bàbá alága nìkan, mo bura. Mo ní kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn, wọ́n sì gbé e sí gúrúùpù. Papa, mo fi í síbẹ̀ kẹ́ ẹ má baà ṣubú bíi ti Mama. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo máa rí nìyẹn. Ẹ ń bá òkú jẹun!"

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo gbọ́ alága tó húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n ti fẹ́ dé. Mo pa fóònù, mo lọ sí yàrá, mo ní kí obìnrin náà máà mí kanlẹ̀. Kò sí ibi tó lè gbà jáde. Ẹ̀yìnkùlé já sí òpópónà, mo sì ti ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi. Alága bọ́ fìlà. Oníkẹ̀kẹ́ jókòó sórí àpótí ìjókòó tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá, ó gbé akoto lé orúnkún.

"Àbúrò, a ò wá bá ọ jà," alága wí. "Ta lò ń bá jẹun?"

Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀sín mi parí. Mi ò ní jẹ́ wèrè mọ́. Mo wo oníkẹ̀kẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Ìyàwó mi," mo wí.

Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"O máa ń rí i?"

"Mo ń rí i."

"Níbo ló máa ń jókòó sí?"

Mo na ọwọ́ sí òpó ìlẹ̀kùn. Gbogbo wọn sún kúrò níbẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ náà sún àpótí rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rò pé a ò rí òun.

Alága mi orí. Ó ní n ò lè dá gbé mọ́. Ó ní kí wọ́n ti ilé pa, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi, ẹrù olóògbé ló sì ń fà á wálé, kí wọ́n kó o jáde lónìí yìí.

Oníkẹ̀kẹ́ ti dìde. Ojú ń tì í pé ó sún. "Ẹ jẹ́ n kó o. Ta ló ń bẹ̀rù òkú?"

"Jókòó!"

Wọn ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí.

"Aṣọ obìnrin ni," mo wí. "Ọkùnrin kì í tú ẹrù obìnrin tó kú. Ọmọ rẹ̀ ló ni í."

"Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn," alága wí. "Ọmọ rẹ̀ ni kó wọlé."

Ọmọ mi wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò sí ohun tí a gbọ́. Oníkẹ̀kẹ́ gbé ìdí kẹ̀kẹ́ mi tí mo fi ti ògiri sókè, ó ń yí táyà rẹ̀, ó fetí sí i. "Gírísì ti tán níbí o, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ gbé e wá."

Nígbà tí ọmọ mi jáde, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Aṣọ pọ̀," ló wí. "Màá wá kó o lọ́la, èmi nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀." Ó na ọwọ́ sí mi. "Papa, la clé." Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti yàrá náà, ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú báàgì.

Alága gbàdúrà. Àmín oníkẹ̀kẹ́ ló ròkè jù. Bó ṣe ń jáde, ó tẹrí ba níwájú òpó náà. "Ìyá, ó dàárọ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde.

Èmi àti ọmọ mi nìkan la wọ ọkọ̀ lọ sí Batterie IV. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

"Ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ ni?"

"Òun ni."

"Ó wọ bùbá Mama. Èyí aláwọ̀ ewé."

"Tirẹ̀ ti ya."

"Látọjọ́ tá a ti sin Mama ni mo ti ń bẹ̀ yín. Ẹyọ kan péré. Ẹ ní rárá."

Ó ń wo iwájú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ. Ó padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn àpótí.

"Ṣé ó wọ ọkọ̀?" mo bi í.

"Ọkọ̀ Oyem. Mo dúró títí ó fi lọ."

Mo rí bùbá aláwọ̀ ewé náà lórí ẹrù. "Kí ló wọ̀ lọ?"

"Aṣọ rẹ̀."

"Èyí tó ya? Ẹlẹ́jẹ̀ yẹn?"

"Ohun tó gbé wá ló gbé lọ," ọmọ mi wí. "Ẹ má bi mí nípa rẹ̀ mọ́ nínú ilé mi."

Kámẹ́rà wà ní pálọ̀ wọn, ó wà ní fàráńdà, ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n fún mi. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kò dára fún ẹni tó wà nírú ipò mi, ọkọ rẹ̀ sì gbé e sí ibì kan tí mi ò mọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, oníkẹ̀kẹ́ wá sí ẹnu géètì. Kò gun kẹ̀kẹ́. Ó gbé àpò ìrìn àjò kọ́ èjìká, ọkọ̀ kan ń dúró dè é.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní n kí yín kí n tó lọ. Wọ́n ti rí i!" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. "Awakọ̀ kan sọ fún mi. Obìnrin kan tó wọ aṣọ yíya, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ rò pé èèyàn lè gbàgbé irú ẹ̀? Oyem ló já a sí. Tí mo bá padà dé, a jọ máa gun kẹ̀kẹ́."

Ó gbá mi léjìká, ó lọ.

Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Papa, ẹ pe ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ní Oyem. Ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Mi ò ní in. Mo ní kí obìnrin náà má fún mi, kó má baà wà lórí fóònù."

Ó di orí mú. Ó ní ká pe àwọn ọlọ́pàá Oyem, kí wọ́n wá a rí kí ọkùnrin náà tó dé. Ó ti tẹ nọ́ńbà, wọ́n ti gbé e. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fi Faransé béèrè orúkọ obìnrin náà.

Ọmọ mi yíjú sí mi.

Ìyàwó ni mo ń pè é. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wa ti wà lójú ọ̀nà.